Ibi Tí Ìmọ́lẹ̀ Parí Sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òun ni ó mú kí ọmọdé máa bi àgbà pé, "Ta nìyẹn?" Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí, bí ẹni pé ìkíni tí ó bọ́ mọ́ àgbà náà lọ́wọ́ ni gbogbo ohun tí ó dùn ún. Nígbà tí iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ilé ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ni mo rí i pé inú ìbéèrè náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ojú títì tí kò ní iná, gbogbo ẹni tí ó bá ń bọ̀ níwájú rẹ di "ta nìyẹn". Ìwọ náà di "ta nìyẹn" lójú tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n dúró ń dágbére fún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè mú kí obìnrin kan sáré bọ́ sí òdì kejì títì, kí ó sì jìn sí gọ́tà tí kò ní ìdérí. Kò sí ẹni tí ó hùwà ibi níbẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ti dá.

Bí ẹ bá bi ẹni tí ó ní mọ́tò, yóò ní kò sí ohun tí ó ṣe títì wa. Iná mọ́tò rẹ̀ ni ó fi ń ríran. Àwọn tí wọ́n mọ títì lóru ni Ìyá Ẹlẹ́kọ, tí ó máa ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ ní aago mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọlọ́kadà tí iná iwájú ọ̀kadà rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì, bí gbogbo wa ti ń pè é, ẹni tí iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ nílé ìwòsàn kì í parí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, wọ́n ní ìjàǹbá ojú pópó ń pa nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé ó ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n jẹ́ ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí ẹni tí ń gun ọ̀kadà. Ẹni tí ó bá ti rìn ní títì wa lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án kò ní bi wá ní ìdí.

Iná ojú pópó kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Láti ọdún 1896 ni a ti ń ka ìtàn iná mọ̀nàmọ́ná ní Èkó. ECN jẹ ẹ, NEPA jẹ ẹ, PHCN jẹ ẹ, títí ìjọba fi ta ilé iṣẹ́ tí ń pín iná fún àwọn oníṣòwò ní ọdún 2013. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun kan kò yí padà: bí wọ́n bá ti mú iná lọ, òpó iná ojú pópó náà ti kú nìyẹn, àfi bí ẹnìkan bá wà tí yóò máa rọ dísù sínú jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo òru. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí owó iná fún àwọn tí wọ́n wà ní ìpele kìn-ín-ní fò láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 lórí ìwọ̀n kan, ó yé onílé àti ìjọba bákan náà pé iná tí yóò máa tàn fún ẹni tí ó ń kọjá lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sanwó rẹ̀, kò lè pẹ́ kí ó tó di òkú. Bí gbogbo ìlú ṣe sáré tọ oòrùn lọ nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò tiwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó sólà nìyẹn.

Iṣẹ́ iná náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Páńẹ́lì orí òpó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di agbára mọ̀nàmọ́ná, irú èyí tí àwọn onímọ̀ Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi han aráyé ní ọdún 1954. Bátìrì ń tọ́jú agbára náà di alẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láàrín wọn tí kì í jẹ́ kí bátìrì yó ju bí ó ti yẹ lọ, tí kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ tán. Bí páńẹ́lì kò bá rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ yìí yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, yóò sì tan gílóòbù. Gílóòbù LED ni ó mú kí gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe, nítorí agbára díẹ̀ ni ó ń jẹ. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí a bí ní Japan, tí wọ́n ṣe LED aláwọ̀ búlúù tí ìmọ́lẹ̀ funfun ti jáde wá, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014. Ó wù mí kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ àdúgbò wa kan ń fi iṣẹ́ wọn wá ọṣẹ tí ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wúwo ni ìṣirò rẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, òru gùn tó nǹkan bí wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin; oòrùn kì í wọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, kì í sì í kọjá aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gílóòbù tí ó ń jẹ wáàtì 40, tí ó sì ń tàn fún wákàtí 12, yóò jẹ 480 nínú agbára tí bátìrì gbé pamọ́ lóru kan. Páńẹ́lì ni yóò dá 480 náà padà lọ́jọ́ kejì. Ní oṣù Kejì, oòrùn tí ó ń kan páńẹ́lì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè tó wákàtí márùn-ún oòrùn ọ̀sán gangan. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣú dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè má ju wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá pín 480 sí mẹ́ta àti ààbọ̀, ó lé ní 137. Ẹ ro eruku mọ́ ọn, ẹ ro ooru àti ohun tí wáyà ń jẹ, ó ti ń súnmọ́ páńẹ́lì 200 wáàtì. Bátìrì tí yóò sì fara da ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn kò yọjú gbọ́dọ̀ gba ìlọ́po mẹ́ta 480. Oṣù Kẹjọ ni ó yẹ kí a máa fi ra iná sólà. Oṣù Kejì ni àwọn tí ń tà á máa ń fi tà á.

Mo sọ èyí nítorí oníṣòwò kan wá bá wa ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú iná tí páńẹ́lì, bátìrì àti gílóòbù rẹ̀ wà nínú agolo kan ṣoṣo. Wọ́n kọ 300 wáàtì gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Owó òpó mẹ́rin tí a ti rò tẹ́lẹ̀, ó ní yóò ra méjìlá nínú tirẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Mo tọrọ téèpù aránṣọ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, mo sì wọn páńẹ́lì náà: ó jẹ́ 35 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti ní òró. Páńẹ́lì tí ó dára, tí ó gbòòrò tó mítà kan ní ìbú àti ní òró, ń mú nǹkan bí 200 wáàtì wá nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa yìí kò lè kọjá 25. Bí oòrùn bá fún un ní wákàtí márùn-ún, 125 ni yóò kó jọ. Bí gílóòbù rẹ̀ bá sì jẹ́ 300 wáàtì lóòótọ́, ìṣẹ́jú 25 péré ni yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ní oṣù Kẹjọ, kò ní pé ìṣẹ́jú 18.

Bàbá Alága wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé irọ́ ni wọ́n kọ sára páálí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ohun tí téèpù sọ ni mo ń sọ."

"Ṣebí ó tàn lójú gbogbo wa báyìí!"

Ó tàn lóòótọ́. Irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń tàn yòò nígbà tí bátìrì rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yó, lẹ́yìn náà ni yóò máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó máa dúró de ẹni tí yóò kọjá kí ó tó ṣẹ́jú. Ní aago méjì òru, nígbà tí ẹni tí ó rà á ti sùn, ta ni yóò jẹ́rìí? Oníṣòwò náà kò bá mi jiyàn. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun yóò padà wá. Mo gbà pé àdúgbò mìíràn ti ra méjìlá rẹ̀ báyìí.

Bí a ṣe padà sórí òpó mẹ́rin oní 40 wáàtì nìyẹn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni ó dìde. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ó lè máa wo ìkòkò rẹ̀. Ó ní, "Bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ẹ̀ ń jà sí. Èmi, ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà parí sí ni ó ń bà mí lẹ́rù."

Ó ní kí a fojú inú wo òpó mẹ́rin lórí títì wa tí ó gùn tó nǹkan bí 175 mítà. Àárín òpó kan sí èkejì yóò jìnnà débi pé agbede méjì rẹ̀ yóò dúdú bíi kóró iṣin. Ẹni tí ó bá jáde láti inú ìmọ́lẹ̀ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí ó bá fara pamọ́ sínú òkùnkùn yóò rí i ketekete. Òótọ́ ni ó sọ. Ojú ènìyàn kì í tètè mọ òkùnkùn lára. Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ tí ó mú, ó máa ń gbà á ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí ó tó tún ríran dáadáa. Iná tí ó mọ́lẹ̀ jù pẹ̀lú àlàfo tí ó gbòòrò lè burú ju kí òkùnkùn kan náà bo títì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó wá rán wa létí ọjà alẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ná ní Ọ̀yọ́ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Kò sí àtùpà ńlá kan níbẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé fìtílà kékeré tirẹ̀ síwájú igbá rẹ̀, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn, láti orí ẹlẹ́fọ̀ọ́ dé orí ẹlẹ́ja. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kan kò tó láti fi wá abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n o lè na ọjà náà láti orí dé ìdí láìkọsẹ̀, o sì mọ ojú ẹni tí ó ń kí ọ. Olúkúlùkù ni ó ń bu epo sí tirẹ̀. Bí ti ẹnìkan bá fẹ́ kú, ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ké sí i.

Mo padà sí ìwé ìṣirò mi. Bí a bá gé gílóòbù sí wáàtì 20, páńẹ́lì ìdajì ni yóò nílò, bátìrì ìdajì, òpó tí kò ga tó ti tẹ́lẹ̀. Owó òpó mẹ́rin di owó méje, òpó kan ní gbogbo mítà 25. A tún yan gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ti fìtílà, nítorí funfun tí ó mú jù a máa fọ́ni lójú, a sì máa pe kòkòrò. (Kòkòrò ṣì ń wá. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, àwọn ọmọdé gbé abọ́ omi sábẹ́ òpó kẹta láti fi kó èsúnsún, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí a yanjú ìṣòro yẹn.)

Ní ọdún 2016, wọ́n dán irú nǹkan báyìí wò ní ìlú New York. Wọ́n gbé iná ńláńlá lọ sí àwọn ilé gbígbé ìjọba kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, ìbò ni wọ́n sì fi yàn wọ́n. Ìwà ọ̀daràn ńlá tí ó ń ṣẹlẹ̀ níta lóru dín kù ní nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí iná dé. Títì wa kì í ṣe New York, n kò sì ní kà á sí ẹ̀rí fún tiwa. Ohun tí èmi rí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀: Ìyá Ẹlẹ́kọ ń tajà fún wákàtí kan sí i lálẹ́; àwọn ọmọ aránṣọ kò kó ara wọn lọ ní mẹ́rin mẹ́rin mọ́; àwọn ènìyàn sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn lójú ọ̀nà.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sinmi. Títì ńlá kan wà tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ri òpó sólà mọ́lẹ̀ sí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò. Ìdajì wọn ti kú. Bátìrì àwọn kan wà nínú àpótí nídìí òpó, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè nawọ́ dé, olè sì ti kó wọn. Eruku ọyẹ́ bo àwọn mìíràn títí páńẹ́lì wọn fi rí bí ògiri. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó kọ ìwé iṣẹ́ náà ka òpó, kò ka òru. Bí ó bá jẹ́ pé iye òru tí iná tàn láàrín ọdún márùn-ún ni a ń san owó fún, bátìrì ì bá ti wà lókè pátápátá, ẹnìkan ì bá sì ti ra kànìnkànìn ọlọ́pàá gígùn.

A ra tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ iná, máa ń nu páńẹ́lì méjèèje lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́ẹ̀mejì nígbà ọyẹ́, a sì ń fún un ní owó díẹ̀. Bátìrì lithium ni a yàn. Owó rẹ̀ ga ju ti bátìrì bíi ti mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru jù ú lọ, ọdún rẹ̀ sì gùn jù ú lọ. Igi máńgòrò onílé kan ṣíji bo òpó karùn-ún láti aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó gbà wá ní ìpàdé mẹ́ta àti àmàlà kan kí ó tó jẹ́ kí a gé ẹ̀ka méjì.

Gbogbo èyí rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ òpó kẹjọ. Lẹ́yìn òpó keje, ọ̀nà tóóró kan yà sápá òsì lọ sẹ́yìn gọ́tà ńlá. Ayálégbé ni gbogbo àwọn tí ń gbé ibẹ̀, àwọn onílé wọn kò gbé ní Ìbàdàn, wọn kì í sì í dáhùn ìpè. Ibẹ̀ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń gbé. Nígbà tí ó bi ìpàdé pé ìgbà wo ni iná yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn, Bàbá Alága ní ẹni tí kò dá owó kò lè bá wa pín in. Àwọn kan mi orí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì jókòó.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ni ó tún sọ̀rọ̀. "Alága, ní alẹ́ ọjọ́ tí gìrì mú ọmọ ọmọ yín, ọ̀nà wo ni ọmọ yìí gbà dé ilé yín ní aago méjì òru?"

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ọ̀kan nínú wa tẹ́jú mọ́ fóònù rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Bàbá Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ó ri òpó kẹjọ, kí àwọn ará ọ̀nà náà sì mú ohun tí agbára wọn bá ká wá.

Ìdajì owó rẹ̀ ti pé báyìí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń kó ìyókù jọ láti yàrá dé yàrá, ó ń kọ orúkọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré. A ti gbẹ́ ihò òpó náà sí ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn. Nígbà tí kò tíì sí òpó nínú rẹ̀, a fi pákó bò ó, a sì to òkúta tí a kùn ní ọ̀dà funfun yí i ká, kí ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru má baà jìn sí i.